Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ Tó Gbé Góòlù Kẹ́hìndé Fún Táíwò

Kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rí nínú yín tí kò mọ̀ pé ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni ọ̀gá ń gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún un. Yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò sáré lọ ra àkàrà fún ọ̀gá, yóò sì máa fi ojú jí iṣẹ́ wò láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Àwọn tó ń kọ ìròyìn bọ́ọ̀lù tí àwọn ọkọ yín ń jà lé lórí láràárọ̀ yẹn, àwọn náà ti gbálẹ̀ rí.

Ọmọkùnrin kan láti Òmù-Àrán ni ọ̀rọ̀ kàn lọ́sẹ̀ yìí. Orúkọ rẹ̀ kò ní jáde níbí, nítorí ojú ṣì ń ti ìyá rẹ̀. Ilé-ìwé gíga ló ń lọ, iṣẹ́ ìròyìn ló sì ń kọ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní I.T. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tó ń bójú tó o sílẹ̀ ní 1971, nígbà tó sì di 1973, ètò náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ń mọ ìwé lásán láìmọ iṣẹ́, ni wọ́n bá ní kí wọ́n máa lọ fi oṣù mélòó kan ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ télọ̀ kẹ́ ẹ tó gba fríídọ̀mù lè máa fi oṣù mélòó kan rẹ́rìn-ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín ná.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Ìlọrin gbà á sí ẹ̀ka eré ìdárayá, inú ọmọ yìí dùn débi pé kò sùn. Ó ti rí ara rẹ̀ ní pápá ìṣeré, ìwé pélébé lọ́wọ́, tí ó ń bọ àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́, tí kò sì sanwó wọlé. Ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa wo ojú ewé ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀, tó ń ta aṣọ lọ́jà Òmù-Àrán, ra bàtà tuntun fún un, ó gbàdúrà fún un, ó ní kó má bá ẹnikẹ́ni jà níbi iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi rí bọ́ọ̀lù sójú. Ó ń gbálẹ̀, ó ń ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ó ń to ìwé ìròyìn àtijọ́ jọ ní ọjọ́ orí wọn. Olóòtú ẹ̀ka náà jẹ́ àgbàlagbà kan tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ọmọ náà, ẹni tí kì í pariwo, tí gíláàsì ojú rẹ̀ sì máa ń wà lórí imú. Ọmọ náà lọ bá a.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan?"

"Ìgbà tí o bá ti ka èyí tí àwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀ tán."

Ni ó bá padà sídìí ìwé àtijọ́.

ÌṢIRÒ ALÁJỌ

Nígbà tó yá, wọ́n gbé àtẹ líìgì fún un kó máa ṣírò rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá àjọ, iṣẹ́ yẹn kò ní ṣòro fún yín rárá. Ẹgbẹ́ tó bá borí gba máàkì mẹ́ta, èyí tó bá ta ọ̀mì gba ẹyọ kan, èyí tí wọ́n bá nà lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn àgbà á rántí pé máàkì méjì péré ni ẹni tó borí ń gbà láyé àtijọ́. Nígbà tí ìdíje ife àgbáyé ti 1994 dé ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta níbẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ má baà máa fi ọ̀mì tẹ́ ara wọn lọ́rùn.

Ẹgbẹ́ kan wà tó borí lẹ́ẹ̀márùn-ún, tó ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n sì nà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ yìí kọ 19 sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ó: márùn-ún lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fi mẹ́ta lé e, ó di 18. Olóòtú pè é, ó fi bírò pupa yí i po.

"Máàkì kan ṣoṣo ni, sà," ni ọmọ náà wí.

"Ṣé ìyá rẹ ń dá àjọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí alájọ bá fi ẹgbẹ̀rún kan kún owó ẹnì kan, inú owó ta ló ti yọ ọ́?"

Ọmọ náà kò dáhùn. Olóòtú wá ṣàlàyé fún un pé máàkì kan yẹn ló ń lé ẹgbẹ́ kúrò nínú líìgì ńlá. Ẹgbẹ́ tó bá já wálẹ̀, owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ á tẹ̀ lé e wálẹ̀. Ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré á sì mọ̀ ọ́n lára nínú ìkòkò rẹ̀, bí kò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀mì.

Lọ́jọ́ mìíràn, olóòtú bi í pé ta ló kọ́kọ́ gba wúrà fún Nàìjíríà nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí ìbéèrè náà bọ́ sílẹ̀.

"Kanu àti àwọn Dream Team ni, sà! Atlanta, 1996!"

"Wọ́n gbà á lóòótọ́. Wọn kọ́ ló kọ́kọ́ gbà á."

Chioma Ajunwa ni. Obìnrin ni, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló sì ń ṣe. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1996 ló fò ní Atlanta, tó balẹ̀ ní mítà 7.12, tí gbogbo ayé kò sì rí ẹni tó fò kọjá rẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin tó borí Argentina pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí méjì. Nínú ìdíje kan náà, Falilat Ogunkoya gba idẹ nínú eré sísá mítà 400. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọdé mẹ́wàá lónìí, bọ́ọ̀lù ni mẹ́sàn-án máa dá yín lóhùn. Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún wa? Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọjà kọ́ ni wọ́n ń rántí, ẹni tó pariwo jù ni.

FÈRÈ KÒ TÍÌ DÚN

Wọ́n wá jẹ́ kó máa bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Ìlọrin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fẹ́ fi hàn pé òun yára. Nígbà tó ku bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré parí, tí ẹgbẹ́ kan ti fi góòlù méjì sí òdo ṣáájú, ó jókòó ti fóònù rẹ̀, ó kọ ìròyìn náà tán, ó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Kó tó dìde, àwọn tó wà lẹ́yìn ti dá ọ̀kan padà, wọ́n tún dá èkejì. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Ọpẹ́lọpẹ́ pé olóòtú kì í gba ìròyìn tó bá ṣáájú fèrè dé.

Nígbà tí ọmọ náà padà dé, olóòtú ní kó jókòó. Ó sọ ti ọjọ́ Sátidé kan fún un, ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1989, ní ìlú Dammam ní Saudi Arabia. Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí kò tíì ju ogún ọdún lọ ń bá Soviet Union gbá nínú ìdíje àgbáyé. Ìdajì kejì kò tíì gbóná tó fi di mẹ́rin sí òdo. Mẹ́rin o! Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé pa rédíò, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tó ku bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Christopher Ohenhen gbá ọ̀kan wọlé. Ó tún gbá òmíràn. Samuel Elijah gbá tirẹ̀, Nduka Ugbade gbá ìkẹrin. Mẹ́rin sí mẹ́rin. Nígbà tó di pẹnáríti, Nàìjíríà fi márùn-ún sí mẹ́ta borí. Títí di òní, iṣẹ́ ìyanu Dammam ni wọ́n ń pè é. Portugal ló padà na àwọn ọmọ náà ní méjì sí òdo nínú àṣekágbá, ṣùgbọ́n ẹni tó pa rédíò tirẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn kò yé ka àbámọ̀.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù keje 1996, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀. Brazil ti fi mẹ́ta sí ọ̀kan ṣáájú. Ilẹ̀ ti ṣú ní Nàìjíríà, àwọn kan ti fi ìbínú lọ sùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbọ́ pé Kanu dá a padà nígbà tí àkókò ti ń tán lọ, tó sì tún gbá góòlù ìkẹrin nínú àfikún àkókò, èyí tó parí eré lójú ẹsẹ̀.

"Nítorí náà, fèrè ni kí n máa dúró dè, sà," ni ọmọ náà wí.

Olóòtú rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ìgbà mìíràn wà tí fèrè á ti dún tán tí kò sì tíì parí. Ní ọdún 2000 ní Sydney, ọkùnrin Nàìjíríà mẹ́rin sá eré aláfọ̀páfúnra-ẹni ti mítà 400 lọ́nà mẹ́rin: Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong. Amẹ́ríkà ló ṣe ipò kìíní, Nàìjíríà ṣe ipò kejì, wọ́n fi fàdákà kọ́ wọn lọ́rùn. Gbogbo ìwé ìròyìn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ọdún 2008 ni ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, Antonio Pettigrew, jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kọ̀. Wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ wọn. Ní 2012 ni àjọ Òlíńpíìkì tó wá kéde pé Nàìjíríà ló ni wúrà. Ṣùgbọ́n Sunday Bada ti kú ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Oṣù díẹ̀ péré ló kù.

Nígbà tí olóòtú sọ ibẹ̀ yẹn, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ti owó inú ẹ́ńfílóòpù náà wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n fi pamọ́ fún yín. Lẹ́yìn eré kan, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan fa ọmọ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní "owó ọkọ̀ rẹ rèé." Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò gba owó oṣù, ebi sì ń pa á. Ó gbà á. Olóòtú kò bú u, ó kàn ní kó kọ ìròyìn eré náà níwájú òun. Nígbà tó dé ibi tí gólì ẹgbẹ́ náà ti ṣe àṣìṣe, ọwọ́ rẹ̀ kò lọ mọ́. Ó dá owó náà padà lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń dá a padà.

ỌMỌ ÌYÁ ÌBEJÌ

Ó wá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ọmọ náà parí. Ó ti mọ̀ ọ́n kọ díẹ̀, àyà rẹ̀ sì ti ń wú. Ọjọ́ kan, ilé-ìwé girama kan ní Òmù-Àrán bá ti Èsìẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Èsìẹ́ tí wọ́n ní ère òkúta yẹn, níbi tí ilé àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà ti ṣí ní 1945. Òmù-Àrán borí ní méjì sí òdo. Ilé iṣẹ́ kò lè rán ẹnikẹ́ni lọ sí eré ọmọ ilé-ìwé, wọ́n ní kí ọmọ náà fi fóònù bi tíṣà tó ń mójú tó eré.

Fóònù náà ń já. "Ẹni tó gbá méjèèjì wọlé ni..." Ariwo dé. Ó gbọ́ orúkọ bàbá, kò gbọ́ orúkọ ọmọ. Ṣùgbọ́n orúkọ bàbá yẹn kì í ṣe àjèjì sí i. Ilé Ìyá Ìbejì ni, ìyá tó ń ta èlùbọ́ níwájú ìsọ̀ ìyá rẹ̀ gan-an. Nígbà tí gbogbo wọn wà ní kékeré, Táíwò ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù fọ́ àwo àwọn èèyàn nínú ọjà. Táíwò náà ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ó kọ Táíwò sílẹ̀. Kò tún pe fóònù náà padà, nítorí ó mọ ilé wọn.

Àwọn àgbà Ìgbómìnà a máa sọ pé ògbó ló mọ̀nà fún baba ńlá àwọn tó fi dé ibi tó tẹ̀dó. Bóyá òun náà rò pé fóònù ọwọ́ òun lè mọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Kẹ́hìndé ló gbá góòlù méjèèjì. Táíwò kò tiẹ̀ sí nílé-ìwé mọ́. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, owó ilé-ìwé ọmọ méjì kò ká ìyá wọn mọ́, Táíwò fúnra rẹ̀ ló ní kí Kẹ́hìndé máa lọ. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń kọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí ìwé ìròyìn dé, tí àwọn èèyàn ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè é ní "Odegbami", ẹ̀rín ló ń rín. Kẹ́hìndé kò rẹ́rìn-ín.

Ì bá parí síbẹ̀, à bá ní ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ní Ìlọrin, tó ń wá àwọn ọmọ kéékèèké tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, ka ìwé náà. Ó ránṣẹ́ sí Òmù-Àrán pé kí ọmọ tó gbá góòlù méjì yẹn wá fún ìdánwò, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí i nínú ìwé. Ìyá Ìbejì yá owó ọkọ̀ nínú àjọ. Kẹ́hìndé wọkọ̀, ó kọjá Ọ̀rọ̀, ó kọjá Ajàṣẹ́-Ìpo, ó dé Ìlọrin. Wọ́n wo ìwé tó gbà nílé-ìwé, Kẹ́hìndé ló wà níbẹ̀. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ tiwọn, Táíwò ni. Wọ́n ní kó máa lọ.

Kí ẹ má bínú sí wọn jù. Ẹ̀tàn ti ba bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé jẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹnì kan á wá pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn, òmíràn á wá pẹ̀lú ọjọ́ orí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọdún 1989 náà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìyanu ní Dammam ni FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì, nítorí ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò bá ara mu. Ìdíje ọ̀dọ́ ti 1991 tó yẹ kó wá sí ilẹ̀ wa, Portugal ló gbà á ṣe. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á wo ìwé dáadáa. Ìbejì tó sì fẹ́ fi ara rẹ̀ rọ́pò èkejì, ta ni kò ní fura sí i?

Ìyá ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yìí ló pè é lálẹ́. "Kí lo kọ sínú ìwé? Ọjà kejì rèé tí Ìyá Ìbejì kò kí mi. Mo kí i, ó wo ojú mi, ó ń wọn èlùbọ́ rẹ̀ lọ."

Lówùúrọ̀, ó lọ bá olóòtú kí olóòtú tó mu tíì rẹ̀ tán.

"Ta ló sọ fún ọ pé Táíwò ni?"

Ọmọ náà dúró gbagidi bí ère Èsìẹ́.

"Mo rò pé..."

"'Mo rò pé' kì í ṣe orúkọ èèyàn."

Ó ń retí kí ọ̀gá ní kó kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀gá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fún un ní bébà, ó ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àtúnṣe náà, kó má fi sọ tíṣà, kó má fi sọ fóònù tó ń já. Ìgbà mẹ́ta ló dá a padà fún un kó tó ṣe é kó kúrú. Ojú ewé tí àṣìṣe náà wà ni wọ́n fi àtúnṣe sí, òkè pátápátá, kì í ṣe ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Olóòtú tún kọ lẹ́tà sí akọ́nimọ̀ọ́gbá náà pé ọ̀dọ̀ àwọn ni àṣìṣe ti wá, pé ọmọ náà kò parọ́. Ó ní kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gbé e lọ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà kó wọkọ̀ lọ sí Òmù-Àrán.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ka lẹ́tà náà, ó mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn tí òun ń wá ti pé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àfi lẹ́yìn òjò, nígbà tí òun bá tún máa wo àwọn mìíràn. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní kó jọ̀ọ́ kọ orúkọ náà sílẹ̀ báyìí, lójú òun. Ó pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: K, Ẹ, H. Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́.

Ọjọ́ ọjà ló dé Òmù-Àrán. Kò yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ rárá, ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ló kọjá sí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ọ̀nà, bàtà tuntun yẹn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣèèṣì."

"O ṣèèṣì." Ìyá Ìbejì kò ní kó dìde. "Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ èyí tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú àwọn ọmọ mi. Iwájú ìsọ̀ mi níbí lo ti dàgbà. Bí mo bá fi kóńgò tó tẹ̀ wọ̀n fún ìyá rẹ, tó délé tó rí i pé kò pé, ṣé 'mo ṣèèṣì' ló máa fi ro àmàlà?"

"Rárá, mà."

"O ní nọ́ńbà tíṣà lọ́wọ́?"

"Mo ní i, mà."

"O sì ní owó nínú fóònù?"

Ó dákẹ́. Ó ní i. Owó fóònù náà kò ju owó gúgúrú lọ.

Ìyá rẹ̀ ti dìde láti ìsọ̀ aṣọ, ó ń bọ̀ wá kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ni Ìyá Ìbejì bá sáré dì í mú. "Ìyá wa, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́." Ìgbà tí omijé bọ́ lójú àwọn méjèèjì nìyẹn, èyí tó ti ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ láti ọjà méjì sẹ́yìn.

Ẹnì kan ti lọ pe Táíwò. Ó dé pẹ̀lú ọwọ́ dúdú àti gíláàsì wẹ́dà lórí, ó rí ọmọ náà nílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, ẹ dìde jàre! Kẹ́hìndé ló rán mi wá tọ́ ayé wò, mo sì ti jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún un. Ẹ tún fẹ́ kí n máa bá a gbá bọ́ọ̀lù ni?"

Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn àpò èlùbọ́. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé akọ́nimọ̀ọ́gbá, pé lẹ́yìn òjò ni. Ó ní "ẹ ṣé." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó lè fi ipá mú un.

Ìyá Ìbejì na ọwọ́, ó gba ìwé ìròyìn náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó dá a padà. Ó ní kó kà á. Ọmọ náà kà á: pé nínú ìròyìn eré tó wáyé láàárín Òmù-Àrán àti Èsìẹ́, Kẹ́hìndé ló gbá góòlù méjèèjì wọlé, kì í ṣe Táíwò, pé àṣìṣe náà ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ wá, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí náà.

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Ìyá Ìbejì ké sí alákàrà tó wà lódì kejì, ó ké sí ìyá aláta, ó ní kí wọ́n wá gbọ́. Oníbàárà kan dé ní àkókò náà pẹ̀lú ike rẹ̀, ó ní òun ń fẹ́ kóńgò èlùbọ́ mẹ́ta, òun sì ń kánjú.

"Ẹ dúró ná," ni Ìyá Ìbejì wí. Ó yíjú sí ọmọ náà. "Kà á láti ibi tí orúkọ rẹ̀ wà."